Òòyà Eléyín Mẹ́sàn-án

Ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ ni owó tábìlì.
Mo yá a lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi,
mo ní kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú
owó rẹ̀ á ti bá a nílé.
Ìdajì tábìlì ni wọ́n fún mi.
Ìdajì kejì, ti Ràfíátù, amọ̀kòkò Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó,
tó to ife amọ̀ bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ Mọ́ńdè,
tí etí gbogbo wọn kọjú síbì kan.

Ọgbà rélùwéè l'Ébùté Mẹ́ta, lábẹ́ igi máńgòrò.
Bí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá, àwọn ife a gbọ̀n.
Òòyà mi kì í gbọ̀n.
Igi àpá ni, àjẹkù pákó l'Òkobàbá,
èyí tí àwọn aláyùn ń dà sọ́sà
kí n tó máa fi àpò ìrẹsì kó o.
Ayùn kékeré, fáìlì, sáńpépà oríṣi mẹ́ta,
òróró àgbọn, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́.
Bí eyín kan bá kán, mo tún un bẹ̀rẹ̀ látorí igi:
òòyà kì í ṣe ọmọdé, eyín rẹ̀ kì í padà hù.

Wọ́n yà, wọ́n wò, wọ́n kọjá.
"Èló?" "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."
"Háà! Igba náírà ni ti oníke l'Óyìngbò."
Òótọ́ ni.
Ọkùnrin kan fi ọ̀kan họ ẹ̀yìn, ó dá a padà, ó dúpẹ́.
Ọmọ kan béèrè bóyá fọ́ọ̀kì ni.
Oòrùn kan àtàrí,
Ràfíátù ti ta ife mẹ́rin.
Èmi ń ta ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìgbà náà ni obìnrin kan yà,
bùbá àdìrẹ, ṣòkòtò jíìnsì,
irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀ pátápátá,
orí tí òòyà ò ní iṣẹ́ níbẹ̀.
Ó mú ọ̀kan, ó ka eyín rẹ̀ bí ẹni ka owó.
Mẹ́sàn-án.
Ó ní òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọkọ òun ní Kánádà,
ọ̀rẹ́ òun ń wọ bàálù lálẹ́ ọ̀la.

Ẹ rí ẹnu mi yìí? Bí wọ́n bá ń ra ẹnu,
ilé wa ì bá ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀.
A kì í fi òòyà ránṣẹ́ sí ẹni ẹni.
Kí ìwé tó dé, àrokò ni:
òòyà ní kí a yà."
Ràfíátù fi ìgúnpá gún mi níhà.
Owó tí mo yá dúró sí ọ̀fun mi.

Kò gbé e sílẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò gba orí eyín náà kọjá,
ó dún bí òjò kékeré lórí páànù.
"Mo mọ̀. Ìyá mi àgbà sọ fún mi.
Ọdún méjì ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ náà,
mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́.
Èló lẹ pè é?"

Ó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé iye rẹ̀.
Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì.
Ó san mẹ́ta.
Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo tún un wé,
bí ẹni ń wé ọmọ ọlọ́mọ.
Nígbà tí mo ń rẹ́ ẹ, irun ni mo rò.

Mo ta ọ̀kan sí i kí wọ́n tó ká tábìlì.
Ràfíátù fún mi ní ife kan tí etí rẹ̀ wọ́,
ó mú òòyà dípò.
Mo ní, "O gbọ́ ohun tó ń wí?"
Ó ní, "Orí kọ́. Amọ̀ tútù ni màá fi ya ilà sí."

Alẹ́, mo yà nílé àbúrò ìyàwó mi.
Ó ku ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀.
Ó ní kò burú, kí n kúkú gbẹ́ òòyà kan
tí òun máa fún ìyàwó òun.
Mo ní rárá.
Mo ní kó jẹ́ kí n gbẹ́ ṣíbí.